Wọ́n ní ẹ̀rù ló ń ba àbúrò mi lábẹ́ omi, àṣé ẹ̀rọ tó fi ń mí ló ń dà á láàmú!

Alẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè kan ni, nínú oṣù kejì ọdún 2022. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibiṣẹ́ dé ni, bàtà ò tíì kúrò lẹ́sẹ̀ mi, ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi pè mí lórí fóònù. Ẹkún ló fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó ní wọ́n ti lé àbúrò mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Mo ní kí ló ṣe? Ṣé ó jalè ni? Màmá ní kò jalè o, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà, wọ́n ní ojo ni. Ojo kẹ̀! Láti ọjọ́ tí mo ti ń gbọ́ oríṣiríṣi ìdí tí wọ́n fi ń lé èèyàn níbi iṣẹ́ l'Ékòó yìí, mi ò gbọ́ irú èyí rí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka ìwé ìròyìn wa, ẹ fara balẹ̀ kí n ṣàlàyé. Dáífà ni àbúrò mi yìí. Kì í ṣe ti àwọn tó ń wa yanrìn nínú ọ̀sà o. Àwọn yẹn ò lo ẹ̀rọ kankan, èémí tí Ọlọ́run fún wọn ni wọ́n ń sé mọ́ra lọ sísàlẹ̀. Ti àbúrò mi yàtọ̀. Abẹ́ àwọn ọkọ̀ ojú omi ńláńlá tó ń wá sí Àpápá ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Bí okùn tàbí àwọ̀n bá wé mọ́ fáànù irin tó ń ti ọkọ̀ lọ, àwọn ni wọ́n á wọlé lọ gé e. Sìlíńdà á wà lẹ́yìn wọn, rọ́bà á wà lẹ́nu wọn, iná tọ́ọ̀ṣì á wà lọ́wọ́, nítorí omi ibẹ̀ dúdú bíi tíì tí wọn ò bu mílíìkì sí. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ọ́síjìn ló wà nínú sìlíńdà náà. Irọ́ ni. Afẹ́fẹ́ lásán tí èmi àti ẹ̀yin ń mí ni wọ́n rọ sínú rẹ̀.

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan àbúrò mi ni pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀ẹ̀mẹta ló wọ inú omi tó sì sáré jáde bí ẹni tí ejò lé. Gbogbo ìgbà tó bá jáde, ohun kan náà ló ń sọ: "Afẹ́fẹ́ ò wá." Súpáfáísọ̀ wọn á gba rọ́bà náà lẹ́nu rẹ̀, á fi sẹ́nu ara rẹ̀, á mí lẹ́ẹ̀kan, á mí lẹ́ẹ̀kejì, á ní, "Afẹ́fẹ́ ń wá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ìwọ lò ń parọ́." Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ní kó máa lọ ilé. Owó oṣù méjì wà lọ́wọ́ wọn. Ìyàwó rẹ̀ sì wà nínú oyún oṣù keje.

Nílé, ọ̀rọ̀ náà ti di ti ẹ̀mí. Ẹnì kan ní àwọn tó wà nínú omi ló ń pè é. Ẹlòmíì ní kó lọ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ó sì gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n máa fi ọwọ́ òsì júwe ilé ẹlòmíì, èmi náà jẹ̀bi. Mo pè é lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ní, "Ṣé ó dá ẹ lójú pé kì í ṣe ẹ̀rù ló ń bà ẹ́?" Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ̀yin náà, Àǹtí mi?" Ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn.

Ìdí mìíràn tún wà tí ọ̀rọ̀ àwọn dáífà fi wà lọ́kàn mi tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló máa rántí Harrison Okene, ọkùnrin tó ń se oúnjẹ nínú ọkọ̀ Jascon-4. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2013 ni ọkọ̀ náà dojú dé lójú òkun, níwájú Escravos, ó sì rì lọ sísàlẹ̀ tó tó nǹkan bíi mítà 30. Èèyàn méjìlá ló wà nínú rẹ̀, òun nìkan ló yè é. Nǹkan bíi ọgọ́ta wákàtí ló fi wà nínú òkùnkùn, níbi tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ há mọ́ nínú ọkọ̀, kí àwọn dáífà tó wá ń wá òkú tó bá a láàyè. Èmi náà wo fídíò yẹn nígbà tó jáde, ibi tí dáífà ti rí ọwọ́ kan tó rò pé ọwọ́ òkú ni, tí ọwọ́ náà sì dì í mú. Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni pé ọkùnrin yìí kan náà padà lọ kọ́ iṣẹ́ dáífà nígbà tó yá. Mo ti ń wá ẹni tó máa ṣàlàyé iṣẹ́ yìí fún mi kí n lè kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn. Mi ò mọ̀ pé inú ẹbí mi ni ìròyìn náà wà.

Akẹgbẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ló júwe Bàbá fún mi. Ọmọ Ìlàjẹ ni, wọ́n bí i sétí omi, ó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, ilé rẹ̀ sì wà ní Ajégúnlẹ̀. Etí rẹ̀ kan ò gbọ́ràn mọ́, ó ní omi ló gbà á, òun sì ti dárí jì í. Mo fa àbúrò mi lọ́wọ́, a lọ bá a lọ́jọ́ Sátidé. Ó dọ̀bálẹ̀, mo kúnlẹ̀, a jókòó. Àbúrò mi ro ẹjọ́ rẹ̀. Bàbá gbọ́ ọ títí, kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìgbà tó parí, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í.

"Nígbà tí o fa èémí tí kò wá, kí ni abẹ́rẹ́ géèjì rẹ ń ṣe?"

"Bàbá, mi ò wò ó, sà."

"O ò wò ó kẹ̀?"

"Ọwọ́ mi wà lára okùn tí mò ń gé, sà."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ mi, ẹ̀rù lè mi ẹsẹ̀, ó lè mi ọwọ́. Kò lè mi abẹ́rẹ́ inú géèjì. Ká ní o wò ó ni, o ò bá ti ní ẹlẹ́rìí."

Ó wá béèrè bó ṣe jáde. Àbúrò mi ní òun sáré jáde ni. Ibẹ̀ ni ojú Bàbá ti yí padà. Mo rò pé á fọ́ ọ létí. Ó ní ṣé ó sé èémí? Àbúrò mi ní òun ò rántí. Bàbá ní ìyẹn gan-an ló ń pa wọ́n, kì í ṣe àìsí afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ tí èèyàn fà sínú ní mítà 10 lábẹ́ omi, tó bá fi dé òkè, á ti wú di ìlọ́po méjì. Tí ẹni náà bá panu dé tó ń sáré bọ̀ lókè, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ á bẹ́ bíi bàlúù ọmọdé. "Ẹ̀ẹ̀mẹta lo ṣe é," Bàbá ń wí, ó ń ka ìka ọwọ́ rẹ̀, "ẹ̀ẹ̀mẹta." Kò sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

Ó wá mú régúlétọ̀ tirẹ̀ jáde látinú àpò kan tó fi aṣọ wé. Ohun tó fi ṣàlàyé fún mi yé mi, nítorí pé ìdáná ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí n wo sìlíńdà gáàsì tí mo fi ń se oúnjẹ. Régúlétọ̀ tó wà lórí rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí gáàsì tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, tó ń bù ú díẹ̀díẹ̀ fún iná. Ti dáífà náà nìyẹn, àmọ́ ìpele méjì ni tiwọn. Táyà mọ́tò tí fọganáísà fẹ́ fún yín, agbára afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò ju bíi bar 2 àti díẹ̀ lọ. Ti inú sìlíńdà dáífà máa ń tó bar 200. Tí èyíinì bá wọ ẹnu èèyàn tààrà, ó parí. Irin àkọ́kọ́ tó wà lórí sìlíńdà ló máa rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí nǹkan bíi bar 10 ju ti omi tó yí i ká lọ. Èkejì, tó wà lẹ́nu, ló máa wá fún un ní ìwọ̀nba tó bá fà. Awọ rọ́bà pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀. Téèyàn bá fa èémí, awọ náà á wọlé, á tẹ ọ̀pá kékeré kan, ilẹ̀kùn á ṣí, afẹ́fẹ́ á wá. Téèyàn ò bá fà mọ́, ilẹ̀kùn á padé. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo délé, mo wá ìtàn ẹ̀rọ náà kà, ẹ gbọ́ ohun tí mo rí o. Gáàsì kọ́ ni Bàbá kàn fi ṣe àkàwé, láti ibẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ti wá lóòótọ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí àwọn Jámánì gba ilẹ̀ Faransé, epo mọ́tò dàwátì (àwa náà mọ bó ṣe ń rí). Ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Émile Gagnan ṣe fáàfù kan tí mọ́tò fi lè máa lo gáàsì dípò epo. Jacques Cousteau, tó wà nínú iṣẹ́ ológun orí omi, wá bá a pé òun ń wá ohun tí òun á máa fi mí lábẹ́ omi. Wọ́n tún fáàfù mọ́tò yẹn ṣe, Cousteau sì gbé e wọ odò Marne, lẹ́bàá Paris, lóṣù kìíní ọdún 1943. Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Nígbà tó nà gbalaja nínú omi, afẹ́fẹ́ ń wá dáadáa. Nígbà tó dìde dúró, afẹ́fẹ́ ń tú dànù ṣíì. Nígbà tó dorí kodò, afẹ́fẹ́ ò fẹ́ wá mọ́. Wọ́n padà sílé, wọ́n rò ó, wọ́n rí i pé ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jáde ga ju ibi tó ti ń wọlé lọ, omi sì ń tẹ ìsàlẹ̀ ju òkè lọ. Wọ́n gbé méjèèjì sí ọgbọọgba, ìṣòro tán. Ẹni tó kọ́kọ́ lo ẹ̀rọ yìí gan-an ló kọ́kọ́ jáde pé afẹ́fẹ́ ò wá o! Kò sẹ́ni tó ní kó lọ gbààwẹ̀.

Èmi ni mo sọ fún Bàbá pé mo fẹ́ wọ inú omi. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni ìyá mi, láti kékeré ni mo ti mọ omi wẹ̀. Bàbá wò mí látòkè délẹ̀, ó ní ṣé ìwé ìròyìn ló ń rán mi ni àbí etí dídi? Mo ní méjèèjì ni. Oṣù méjì gbáko la fi ń lọ sí ibi omi ìwẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì kan lọ́jọọjọ́ Sátidé, àbúrò mi náà ń bá wa lọ, nítorí Bàbá ní òun máa kọ́ òun náà látìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Owó tí mo ná sí i, kí ẹ má ṣe bi mí.

Ohun tó kọ́kọ́ fi hàn wá kò gba agbára. Kí a tó ṣí sìlíńdà rárá, a gbọ́dọ̀ fi rọ́bà sẹ́nu ká fà á. Nǹkan kan ò gbọ́dọ̀ wá. Tí afẹ́fẹ́ bá wá nígbà tí fáàfù ṣì wà ní títì, a jẹ́ pé ó ti lu níbì kan, bóyá awọ inú rẹ̀ ló ya, bóyá ewé rọ́bà tí èémí ń gbà jáde ni kò padé, bóyá eyín ti jẹ ibi tí a ń fi ẹnu há. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti gbà wọlé lókè, omi á gba ibẹ̀ wọlé nísàlẹ̀. Ẹni tó bá ń mí tí omi ń tà sí i lọ́fun, kó lọ wo ibẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá sì ń tú afẹ́fẹ́ dànù fúnra rẹ̀ nígbà tí a jù ú sómi, ká kọ́kọ́ da ẹnu rẹ̀ dé, ó lè jẹ́ pé ó kọjú sókè ni. Tí kò bá dákẹ́, iyanrìn tàbí iyọ̀ lè ti há síbẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ fún ẹni tó ń tún un ṣe. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi í wọ omi.

Ó tún bá wa sọ̀rọ̀ òórùn. Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ó ní tí afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà bá ń rùn bí ọ́ìlì tàbí èéfín, ká má lò ó. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé kò síná ní ìlú wa, jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fi ń gbé kọ̀ńpírẹ́sọ̀ tó ń rọ sìlíńdà. Tí wọ́n bá gbé jẹnẹrétọ̀ sí ibi tí atẹ́gùn ti ń gbé èéfín rẹ̀ lọ bá ẹnu kọ̀ńpírẹ́sọ̀, èéfín tó ń pa odindi ẹbí mọ́ inú yàrá yẹn náà ni wọ́n rọ sí dáífà lẹ́yìn. Ọ̀kan tó burú jù nínú èéfín yẹn kò tilẹ̀ ní òórùn tirẹ̀. Ẹni tó ń rọ sìlíńdà ló gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, nítorí imú dáífà nìkan ò lè gbà á.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ gan-an wá dé, ní ìparí oṣù kẹrin. Bàbá gba ọkọ̀ kékeré kan, a lọ sí ibi tí ọkọ̀ àtijọ́ kan dúró sí, tí omi ibẹ̀ kò ju mítà 11 lọ. Àbúrò mi dúró sínú ọkọ̀ pé òun á máa wo okùn. Ọmọkùnrin kan tó ń bá ọlọ́kọ̀ ṣiṣẹ́ ló gbé sìlíńdà kọ́ mi lẹ́yìn, tó sì ní, "Àǹtí, mo ti bá yín ṣí i." Mo fi rọ́bà sẹ́nu, mo mí lẹ́ẹ̀mejì jẹ́jẹ́, afẹ́fẹ́ dùn bí oyin. Mo wo géèjì, abẹ́rẹ́ wà ní 160. Mo na àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá pọ̀, pé kò sí wàhálà.

A di okùn mú, a ń sọ̀ kalẹ̀. Ní mítà 3, ó dáa. Ní mítà 5, ó ṣì dáa. Òkùnkùn bẹ̀rẹ̀ sí í dé, mò ń rí ọwọ́ Bàbá nínú iná tọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀rù ò bà mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ìyẹn sọ́kàn. Mo tiẹ̀ ń ronú bí màá ṣe bẹ̀rẹ̀ ìròyìn mi ni. Nígbà tó kù díẹ̀ ká fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, mo fa èémí, èémí dé ìdajì, ó dúró. Mo tún fà á. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń fi ọ̀pá bíírò mu ògì tó ki. Mo fà á gidi, ó wá díẹ̀, ó tún dúró.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó dé. Mo fẹ́ kí ẹ wo bó ṣe tò tẹ̀lé ara wọn, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ àbúrò mi wà. Afẹ́fẹ́ ló kọ́kọ́ kọ̀, ẹ̀rù ló tẹ̀ lé e. Ọkàn mi ń lù kìkìkì, orí mi wú, gbogbo ara mi ń pariwo pé kí n tu nǹkan yìí dànù lẹ́nu kí n sì fò lọ sókè. Bàbá ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà. Ó ní tí afẹ́fẹ́ tuntun ò bá wọlé dáadáa, èyí tí a ti lò náà ò ní lè jáde tán, á máa kóra jọ sínú ẹ̀jẹ̀. Òun ni ara fi ń mọ̀ pé nǹkan ń bàjẹ́, òun ló ń lu agogo. Téèyàn bá tún wá ń fi agbára ṣiṣẹ́, bíi ti àbúrò mi tó ń gé okùn, kíá ló máa dé. Àwọn tó wà lókè, tí wọ́n ń jẹ gúgúrú nínú ọkọ̀, ojo ni wọ́n ń pè é.

Bàbá ti rí ojú mi nínú gíláàsì. Ó di apá mi mú, kò jẹ́ kí n lọ. Ó na rọ́bà kejì tó wà lára ẹ̀rọ tirẹ̀ sí mi, pé tí mo bá fẹ́ ó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi tọ́ọ̀ṣì tan iná sí géèjì mi. Mo fa èémí, abẹ́rẹ́ já láti 150 wá sí 60. Mo mí jáde, abẹ́rẹ́ padà sí 150. Mo tún fà á, ó tún já. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí ìrù ajá. Bàbá na ọwọ́ sẹ́yìn mi, mo gbọ́ tí ó yí nǹkan kan, bí ẹni ń ṣí ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni afẹ́fẹ́ kún ẹnu mi. Abẹ́rẹ́ dúró sójú kan, kò mira mọ́.

Nígbà tí a padà jáde, jẹ́jẹ́ o, a ń mí lọ láìsé èémí, mo bi ọmọ yẹn bó ṣe ṣí fáàfù. Ó ní bí wọ́n ṣe kọ́ òun ni, òun ṣí i tán pátápátá, òun wá dá a padà díẹ̀. Àmọ́ sìlíńdà náà ti wà ní ṣíṣí kí ó tó dé ibẹ̀. Ibi tó rò pé òun ń ṣí sí, títì ló tì í, ó wá ṣí díẹ̀ padà. Ọ̀nà tó kù fún afẹ́fẹ́ kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ.

Ṣé ẹ óò bi mí pé kí ló dé tí afẹ́fẹ́ fi ń wá lókè? Ẹni tó bá ń gbé ilé tí ayálégbé pọ̀ sí á mọ̀ ọ́n. Tí ẹ̀rọ omi bá ṣí díẹ̀ láti ìta, tí ẹnì kan ṣoṣo bá ń pọn omi, ó máa ń wá. Jẹ́ kí ìyá ẹlẹ́ja ní yàrá kejì náà ṣí tirẹ̀, kíá ni ti àkọ́kọ́ á gbẹ. Lórí omi, èémí kan ni èémí kan. Ní mítà 10, afẹ́fẹ́ inú èémí kan ti di ìlọ́po méjì, ní mítà 20 ó ti di ìlọ́po mẹ́ta, iṣẹ́ sì tún ń jẹ́ kéèyàn máa mí wúyẹ́wúyẹ́. Ọ̀nà tó gba ẹnì kan kò lè gba èèyàn mẹ́ta. Nítorí náà, èémí jẹ́jẹ́ méjì tí súpáfáísọ̀ wọn mí nínú ọkọ̀ kò lè fi nǹkan kan hàn. Ká mí gidi ní ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún, kí ojú wà lára abẹ́rẹ́, ìyẹn ni ìdánwò. Tó bá gbọ̀n, ẹ má wọlé.

Bàbá jókòó sí etí ọkọ̀, ó ń fún omi kúrò lára aṣọ rẹ̀. Ó ní, "Àwa la kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ṣí i tán, dá a padà díẹ̀. Èmi alára kọ́ ọmọ tó lé ní ogún. Nígbà yẹn a ní kò ní jẹ́ kí fáàfù há. Àwọn tó ń kọ́ni lóde òní ti ń ní kí wọ́n ṣí i tán, kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀." Àbúrò mi ò sọ nǹkan kan. Ó ń wo omi.

Èmi rò pé a ti rí ìdí ọ̀ràn rẹ̀ nìyẹn. Bàbá ní rárá o, ká má ṣe yára. Ọ̀rẹ́ àbúrò mi kan ṣì wà níbi iṣẹ́ yẹn. Ó lo ẹ̀rọ náà gan-an lọ́jọ́ kan tí kò sẹ́nìkankan nítòsí. Ó ṣí fáàfù títí ó fi dúró, ó mí gidi, ó wo abẹ́rẹ́. Ó ń já. Ìyẹn ni pé fáàfù kọ́ ni tiwọn. Bàbá ní tí abẹ́rẹ́ bá ń já nígbà tí fáàfù ṣí tán, ọ̀nà ti dí láàárín sìlíńdà àti géèjì, kó wo fílítà. (Ká ní afẹ́fẹ́ ò wá, tí abẹ́rẹ́ sì dúró gbọin, a jẹ́ pé lẹ́yìn ibẹ̀ ni ìṣòro wà, nínú irin àkọ́kọ́ tàbí èyí tó wà lẹ́nu.) Fílítà yìí kò tóbi ju bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì lọ, ó wà lẹ́nu ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọ régúlétọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi tọ́ọ̀ṣì wò ó, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí wa lórí fóònù. Ó pọ́n bí erùpẹ̀ Ìbàdàn. Ìpatà ni! Omi ti wọ inú ọ̀kan lára àwọn sìlíńdà irin wọn, inú rẹ̀ ti dípatà, ìpatà náà ń bá afẹ́fẹ́ jáde, ó ń dí fílítà díẹ̀díẹ̀. Wọn ò yẹ inú sìlíńdà náà wò, wọn ò sì fọ ẹ̀rọ náà.

Mo bá àbúrò mi lọ síbẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà, agbẹjọ́rò wa ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Súpáfáísọ̀ náà gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, ó fún wa ní kóòkì. Mo fi fọ́tò hàn án. Ó wò ó títí, ó ní, "Ẹ ṣeun, Àǹtí, a máa pààrọ̀ rẹ̀." Mo ní ti ọmọ tí ẹ lé ńkọ́? Ó ní àyè ti kún, wọ́n ti gba ẹlòmíì. Mo ní ẹ ò wá ní í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ ni? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣebí eré ni àwọn ń ṣe nígbà tí àwọn ń pè é lójo.

Èmi ni mo tọrọ àforíjì. Nínú dáńfó tó ń gbé wa padà ni, ojú ọ̀nà há, ìgbóná mú. Mo ní, "Má bínú sí mi." Ó ní, "Ó ti tán, Àǹtí mi," àmọ́ kò wo ojú mi. Oṣù kan lẹ́yìn náà ni ìyàwó rẹ̀ bí ọmọbìnrin, Bàbá wá síbi ìsọmọlórúkọ pẹ̀lú ẹja gbígbẹ apẹ̀rẹ̀ kan.

Ó ti ń ṣiṣẹ́ ní ibòmíì báyìí. Ó ra géèjì àti régúlétọ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú owó tí èmi àti Màmá dá jọ, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun ṣí sìlíńdà, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sì ń pè é ní Alábẹ́rẹ́. Owó oṣù rẹ̀ méjì ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó lé e. A lọ síbẹ̀ lóṣù tó kọjá, wọ́n ní ká padà wá lọ́jọ́ Tọ́sìdeè.